Bí àrá àti iná ségesège ò ṣe ní sun nǹkan inú ilé yín l'Abuja

Òjò àkọ́kọ́ l'Abuja kì í wá jẹ́jẹ́. Láti oṣù kọkànlá ni ilẹ̀ ti gbẹ, ọyẹ́ ti da ekuru bo gbogbo fèrèsé, kálukú ń wo sánmọ̀, tó bá wá di ìparí oṣù kẹta sí oṣù kẹrin, ọjọ́ kan á ṣàdédé ṣú, ìjì á máa ṣí páànù orí ilé onílé, àrá á sì máa sán bíi pé wọ́n ń ya aṣọ òfì láti òkè délẹ̀. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ló sun TV mi ní Kubwa. Mi ò sì jẹ́ òpè sí i o, mo yọ púlọ́ọ̀gì TV kúrò lára ògiri kí òjò tó dé, mo jókòó, mo fọkàn balẹ̀. Ohun tí mi ò yọ ni dìkódà. Wáyà díìṣì láti orí páànù wọ ẹ̀yìn dìkódà, wáyà HDMI láti ara dìkódà wọ TV, ibẹ̀ ni iná àrá gbà wọlé. Kò tiẹ̀ bọ́ sórí ilé wa, igi kan lẹ́yìn ilé kejì ló bọ́ lù. Dìkódà kú, gbogbo ojú HDMI ara TV kú, ráútà tó jókòó sórí extension kan náà pẹ̀lú dìkódà kú tẹ̀lé wọn.

Ọ̀nà tí iná burúkú ń gbà wọlé ju ẹyọ kan lọ, ẹni tó ti ilẹ̀kùn iwájú pa tó wá fi tẹ̀yìn sílẹ̀ gbayawu, kí ló wá tì? Àwọn ọ̀nà yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan ni mo fẹ́ kọ síbí, bí a ṣe lè dí wọn, àti èyí tí kò ṣeé dí tó jẹ́ pé ká yáa sá fún un ló dáa.

Irú iná mẹ́ta, oògùn wọn ò jọra

Ibí yìí ni owó ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣòfò, torí wọ́n á ra oògùn ibà fún ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn.

Èkíní ni àrá. 230 volts ni iná tó yẹ kó wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì wa. Tí àrá bá bọ́ sórí wáyà òpó, tàbí kó bọ́ sílẹ̀ nítòsí ẹ̀ lásán, ó lè ti ẹgbẹẹgbẹ̀rún volts gba inú wáyà yẹn wá sínú ilé. Gbogbo ẹ̀ ò ní tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Bíréékà tó wà nínú àpótí iná yín ò ní mọ̀ pé nǹkan kan kọjá, torí wọn ò ṣe bíréékà fún un, ẹrù tó pọ̀ jù àti wáyà tó fara kanra ni bíréékà ń ṣọ́, fíúsì náà bẹ́ẹ̀.

Ìkejì ni neutral (wáyà tí iná ń gbà padà) tó já, èyí ló sì máa ń pa nǹkan jù ní àdúgbò wa, àrá ò tó o. Ẹ wo òpó iná ìta dáadáa, wáyà mẹ́rin ló sábà máa ń wà níbẹ̀, phase (wáyà tó ń gbé iná wá) mẹ́ta, neutral kan. Láàárín phase kan sí neutral, 230 volts. Láàárín phase sí phase, nǹkan bíi 400. Tí neutral bá já lórí òpó tàbí nídìí tiransfọ́mà, ilé yín àti ilé aládùúgbò tó wà lórí phase míì á wá di ohun tí wọ́n so mọ́ra lórí 400 volts yẹn, ẹ ó wá máa pín in láàárín ara yín, kò sì ní pín dọ́gba rárá. Ẹni tó gbé ẹrù tó wúwo, bíi AC àti áyọ́ọ̀nù, tiẹ̀ á lọ sílẹ̀. Ẹni tó tan bọ́ọ̀bù méjì àti TV nìkan, òun ló máa jẹ volts tó pọ̀ jù. Ìyẹn ni wọ́n fi ń sọ pé ilé ẹni tí kò tan nǹkan kan ló jóná, tí gbogbo àdúgbò á máa ní ayé ń bá a jà. Kì í ṣe ayé.

Ìkẹta ni iná tó ń lọ tó ń bọ̀, tó ń ga tó ń wálẹ̀. Tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ múná dé, gbogbo fíríìjì àti pọ́ǹpù omi àdúgbò á fẹ́ dìde lẹ́ẹ̀kan náà, iná á ṣubú sí 150 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, á tún ta gìjà sókè, á tún lọ. Fíríìjì lèyí máa ń pa, torí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tí iná ò tó fún á kàn máa kùn síbẹ̀, kò ní lè yí, á máa gbóná títí á fi jó.

Surge protector, ẹ̀rọ tó ń darí iná tó ga lójijì sínú ilẹ̀, wà fún èkíní. Kò lè ṣe nǹkan kan sí ìkejì, kódà òun fúnra ẹ̀ lè gbaná níbẹ̀. Fún ìkejì, nǹkan tó ń já iná kúrò pátápátá lẹ nílò. Sitabiláísà, ìkẹta nìkan ló wà fún, kí ẹnikẹ́ni má sì tàn yín jẹ pé sitabiláísà ń dènà àrá, ẹ kàn fẹ́ kí àrá kọ́kọ́ pa sitabiláísà kó tó pa TV ni.

Yíyọ ni àkọ́kọ́, kò sì náni ní kọ́bọ̀

Ìyá mi, tí òjò bá ti ṣú báyìí, á faṣọ bo dígí, á pa TV, á yọ ọ́, á ní kí gbogbo wa jókòó jẹ́ẹ́. Ti dígí yẹn, mi ò rí ìdí ẹ̀. Ti TV, ìyá mi gba ìwé ẹ̀rí níbẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ kankan lọ́jà Wuse tàbí níbikíbi tó dáàbò bo nǹkan tó ohun tí ẹ yọ kúrò lára ògiri.

Àmọ́ yíyọ ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é. Kì í ṣe kí ẹ kàn tẹ bọ́tìnnì ara sọ́kẹ́ẹ̀tì. Wáyà kan péré ni púpọ̀ nínú bọ́tìnnì yẹn ń já, neutral àti earth (wáyà tó lọ sínú ilẹ̀) ṣì so mọ́ ọn, àlàfo tó wà nínú ẹ̀ ò sì ju mílímítà mélòó kan lọ. Àrá tó fò láti ojú sánmọ̀ wá sílẹ̀, ṣé mílímítà mẹ́ta ló máa ṣòro fún un? Ẹ fa púlọ́ọ̀gì jáde. Ẹ tú wáyà díìṣì tàbí ti áńténà kúrò lẹ́yìn dìkódà, ẹ fà á jìnnà díẹ̀ sí ara nǹkan, kì í ṣe kẹ́ ẹ gbé e lé orí TV. Ẹ yọ wáyà ráútà tó bá wá láti ìta. AC àti pọ́ǹpù omi tí wọn ò ṣeé yọ, ẹ pa bíréékà wọn, ó sàn ju kí ẹ má ṣe nǹkan kan lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tó yíyọ.

Ìgbà wo? Kí ó tó dé orí yín. Tí mànàmáná bá kọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kà, ení, èjì, ẹ̀ta, títí ẹ fi máa gbọ́ àrá. Ohùn ń rin kìlómítà kan láàárín nǹkan bíi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, torí náà iye tí ẹ bá kà, ẹ pín in sí mẹ́ta. Ẹ ka mẹ́sàn-án, kìlómítà mẹ́ta ni. Tí ẹ bá ti ka ohun tí kò tó ọgbọ̀n, ó ti dé àdúgbò nìyẹn, ẹ má wulẹ̀ fọwọ́ kan wáyà díìṣì mọ́, irin ni orí wáyà yẹn, ẹ̀mí sì ju dìkódà lọ. Ẹ fi sílẹ̀. Ẹ gbé fóònù kúrò lórí ṣájà náà. Fóònù tí ẹ mú lọ́wọ́ kì í pe àrá, irọ́ ni wọ́n ń pa mọ́ ọn, àmọ́ fóònù tó so mọ́ ògiri tẹ́ ẹ tún gbé sétí, ìyẹn jẹ́ ọ̀rọ̀ míì. Ìwẹ̀ náà lè dúró. Ó yẹ kó tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn àrá tó kẹ́yìn kí ẹ tó tún gbogbo ẹ̀ so.

Ìṣòro wa l'Abuja ni pé a kì í sí nílé. Ẹni tó ń gbé Nyanya tàbí Mararaba tó ń ṣiṣẹ́ ní Wuse, aago márùn-ún ìdájí ló ń jáde nítorí gó-síló, alẹ́ ló ń wọlé, òjò ìrọ̀lẹ́ ti wá, ti lọ. Nílé tiwa báyìí, láti oṣù kẹrin títí dé ìparí oṣù kẹwàá, ẹni tó bá jáde kẹ́yìn láàárọ̀ ló máa yọ TV, dìkódà, ráútà àti máíkíróweefù. Fíríìjì nìkan ló ń wà lórí iná. Ọmọ mi ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ló ń rán wa létí, ó máa ń kà á bí orin.

Earth: bí èyí ò bá sí, ẹ má wulẹ̀ náwó sí èyí tó kù

Mallam kan ló ń bá wa ṣe iná, àgbàlagbà, ó gbọ́ Yorùbá tó fi ń bá mi fi òwe ṣeré torí Sábó n'Ìbàdàn ló dàgbà sí. Lẹ́yìn tí TV mi jó, mo ra extension olówó ńlá kan tí wọ́n kọ surge protector sára ẹ̀ gàdàgbà, mo gbé e han bàbá yìí pé kí wọ́n wá wo ohun tí mo rà. Wọ́n wò ó, wọ́n wo sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri, wọ́n rí bírò tí mo fi há ihò òkè kí púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ méjì tó lè wọlé. Wọ́n ní, "Kí lo rò pé wọ́n lu ihò òkè yẹn fún? Fún bírò ni?"

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ihò òkè yẹn ni earth. Bí surge protector ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé ó jókòó sáàárín wáyà iná àti ilẹ̀, tí volts bá ga ju bó ṣe yẹ lọ, á ṣílẹ̀kùn fún un wéré, á darí ẹ̀ sínú ilẹ̀, á tún tì í padà. Tí kò bá wá sí wáyà tó lọ sínú ilẹ̀ ńkọ́? Ibo ló máa darí ẹ̀ sí? Nígbà tí bàbá tú sọ́kẹ́ẹ̀tì wa, wáyà méjì péré ló wà lẹ́yìn ẹ̀. Ẹni tó wáyà ilé náà ti fi owó wáyà kẹta jẹ iyán.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ ti yín: ẹ yí ilé ká lẹ́yìn, nítòsí mítà tàbí níbi tí wáyà òpó ti wọlé, ẹ wá wáyà aláwọ̀ ewé tó ní ìlà yẹ́lò tó sọ̀ kalẹ̀ lọ sínú ilẹ̀, ó sábà máa ń wà nínú kòtò kékeré tí wọ́n fi ìdérí bò. Tí ẹ bá rí i, ẹ wo orí ọ̀pá yẹn bóyá nọ́ọ̀tì tó dì í mú ti dógùn-ún tàbí ti tú, èyí wọ́pọ̀ gan. Ẹ lè ra tẹ́sítà kékeré tó ní bọ́ọ̀bù kéékèèké mẹ́ta tí wọ́n ń kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, á sọ fún yín bóyá wáyà earth dé ibẹ̀. Kò lè sọ bóyá ilẹ̀ tó lọ dáa o. Ìyẹn nílò mítà tí wọ́n fi ń wọn earth, ẹlẹ́tíríṣàn tó mọṣẹ́ máa ní in tàbí kó mọ ẹni tó ní in. Ní ti àrá, kó má ju 10 ohms lọ, bó bá wá tó 5 tàbí kò tó bẹ́ẹ̀, ẹ ti ṣe dáadáa. Tí ẹlẹ́tíríṣàn bá ní òun fi ojú wò ó òun mọ̀ pé ó dáa, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ wá ẹlòmíì.

Ilẹ̀ ìhà ibí ní tiẹ̀ lára. Apá ibi tó pọ̀ l'Abuja ló jẹ́ àpáta, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ Mpape níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Ọ̀pá earth tó yẹ kó wọlẹ̀ ní mítà 1.2 ó kéré tán, á wọ ẹsẹ̀ méjì, á bá òkúta, oníṣẹ́ á yáa gé èyí tó kù á ní ó ti tó. Kò tó. Tí òkúta ò bá jẹ́ kó wọlẹ̀, kí wọ́n ri ọ̀pá méjì tàbí mẹ́ta síbi tó yàtọ̀, kí àárín wọn jìnnà síra tó gígùn ọ̀pá, kí wọ́n so gbogbo ẹ̀ pọ̀, tàbí kí wọ́n gbẹ́ yàrà kékeré kí wọ́n tẹ́ okùn bàbà síbẹ̀ gbọọrọ. Èédú àti iyọ̀ tí wọ́n ń dà sí kòtò yẹn ń ṣiṣẹ́, àmọ́ iyọ̀ máa ń jẹ irin, òjò sì máa ń fọ̀ ọ́ lọ, amọ̀ tí wọ́n ń pè ní bentonite ló dáa jù tí ẹ bá rí i rà.

Ohun tí kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí àyàfi Mallam ni pé ilẹ̀ tó gbẹ kì í gba iná dáadáa. Ẹ wá rò ó wò. Oṣù márùn-ún láìsí òjò, ilẹ̀ gbẹ bí àkàrà ọjọ́ mẹ́ta, earth yín ò lágbára kankan mọ́, ìgbà yẹn gan-an ni òjò àkọ́kọ́ tó ń bá àrá wá máa dé. Ní Kano tàbí Sókótó tí ọ̀gbẹlẹ̀ gùn ju tiwa lọ, ó tún burú jùyẹn. Torí náà láti oṣù kejì, ẹ máa da korobá omi kan tàbí méjì sínú kòtò earth lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Omi tẹ́ ẹ fi fọṣọ pàápàá, ẹ dà á síbẹ̀.

Ohun kan ṣì kù lórí earth. Gbogbo ẹ̀ gbọ́dọ̀ so pọ̀. Tí díìṣì bá ní ọ̀pá earth tiẹ̀ lọ́tọ̀ lápá ọ̀tún ilé, tí iná ní tiẹ̀ lápá òsì, tí wọn ò so wọ́n pọ̀, tí àrá bá bọ́ nítòsí, volts apá kan á ga ju ti ìkejì, iná á sì fẹ́ gba àárín wọn kọjá. TV yín ló wà láàárín wọn. Ẹ fi wáyà tó nípọn so méjèèjì.

Surge protector tó dájú, àti èyí tó jẹ́ orúkọ lásán

Èyí tó ṣe pàtàkì jù kì í ṣe extension, èyí tí wọ́n ń kàn mọ́ inú àpótí bíréékà ni, Type 2 ni wọ́n ń pè é. Ẹ bèèrè èyí tí wọ́n kọ Uc (volts tó lè fara dà nígbà gbogbo) 320 tàbí 385 sí lára, torí 275 tó wọ́pọ̀ nínú ọjà, iná tiwa tó ń ga lójoojúmọ́ yìí á tètè jẹ ẹ́ tán. 40 kA, ìyẹn bí iná àrá tó lè gbà ṣe pọ̀ tó, tó fún ilé gbígbé. Ilé tó bá ní ọ̀pá àrá lórí òrùlé ẹ̀, Type 1 ló yẹ kó kọ́kọ́ wà lẹ́nu ọ̀nà kí Type 2 tó tẹ̀ lé e.

Bí wọ́n ṣe kàn án ló ń pinnu bóyá á ṣiṣẹ́. Wáyà tó so ó mọ́ iná àti èyí tó so ó mọ́ earth, tí ẹ bá ro gígùn méjèèjì pọ̀, kó má ju 50 sẹ̀ǹtímítà lọ. Mo ti rí ibi tí oníṣẹ́ ti ká wáyà earth ẹ̀ bí okùn aṣọ sínú àpótí kó lè "rẹwà", gbogbo iṣẹ́ náà di òfo. Kí wáyà earth yẹn má kéré sí 6 mm². Fèrèsé kékeré kan wà lójú ẹ̀, tó bá jẹ́ àwọ̀ ewé, ó wà láàyè, tó bá ti di pupa, ó ti kú sípò yín, ẹ ra òmíì. Ẹ máa wò ó lẹ́yìn gbogbo òjò ńlá, torí nǹkan inú ẹ̀ máa ń gbó díẹ̀díẹ̀, gbogbo àrá tó bá gbà ló ń gé ẹ̀mí ẹ̀ kúrú.

Extension ni ìlà kejì, nítòsí TV àti kọ̀ǹpútà. Ayédèrú pọ̀ níbẹ̀ ju òótọ́ lọ. Èyí tí mo rà yẹn, Mallam tú u lójú mi, kò sí nǹkan nínú ẹ̀ ju irin tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta àti bọ́ọ̀bù pupa kékeré lọ. Èyí tó jẹ́ òótọ́ máa ní nǹkan róbótó bíi owó ẹyọ, aláwọ̀ búlúù tàbí yẹ́lò sábà ni, ó kéré tán ọ̀kan, mẹ́ta ló dáa. Ẹ tún wo púlọ́ọ̀gì ẹ̀: kó ní ẹsẹ̀ mẹ́ta tó jẹ́ irin gbogbo ẹ̀, kó wúwo lọ́wọ́, kí wọ́n kọ iye joules (agbára iná tó lè gbà) sára páálí ẹ̀. Oníṣọ́ọ̀bù tí kò bá fẹ́ kẹ́ ẹ tú u wò, àwáwí ló ní.

Fún neutral tó já àti iná ségesège

Nǹkan kan wà báyìí tó ti kún Dei-Dei àti Sabon Gari Kano, ó rí bíi bíréékà àmọ́ ó ń fi nọ́ńbà volts hàn lójú, voltage protector ni wọ́n ń pè é. Tèmi 63 amps ni, inú àpótí bíréékà ló wà, lẹ́yìn méènì. Mo ṣètò ẹ̀ pé tí iná bá ju 250 lọ kó já, tó bá kéré sí 180 kó já, tó bá sì padà dáa kó dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ta kó tó so ó padà. Ìṣẹ́jú mẹ́ta yẹn ló ṣe pàtàkì fún mi ju gbogbo ẹ̀ lọ, torí fíríìjì tí iná ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ lórí ẹ̀ nílò bíi ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún kí agbára inú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tó rọlẹ̀, tó bá tètè dìde jù, á máa jìjàkadì. Tí ẹ bá ń gbé ilé rẹ́ǹtì tí landlord ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ fọwọ́ kan àpótí iná, kékeré ẹ̀ wà tí wọ́n ń kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì tí fíríìjì á wá kì bọ òun náà, ẹ ra ọ̀kan fún fíríìjì, ọ̀kan fún TV, ẹ kó wọn dání lọ tí ẹ bá ń kó jáde.

Ẹ̀rọ yìí ò yára tó láti mú àrá o, ìyẹn ṣì jẹ́ iṣẹ́ Type 2. Àwọn méjèèjì ló ń ṣiṣẹ́ pọ̀.

Ní àdúgbò tí iná ò tó rárá, tí volts ń wà ní 160 láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ẹ nílò sitabiláísà lóòótọ́, torí voltage protector á kàn máa já iná ni. Ẹ má ra kékeré: AC 1.5 hp fẹ́ 5000 VA, fíríìjì fẹ́ tó 2000, torí ìgbà tó bá ń dìde ló ń jẹun jù.

Ẹ kọ́ gbogbo ará ilé ní àmì neutral tó já: bọ́ọ̀bù á ṣàdédé funfun báláú, fáànù á máa hó bí ẹ̀ńjìnnì ọkọ̀ òfurufú, nígbà tí ti yàrá aládùúgbò ń rọ. Ẹ má dúró wò ó. Ẹ sáré pa méènì, ẹ kígbe sí àwọn ará kọ̀mpáàǹdì kí wọ́n pa tiwọn, kẹ́ ẹ tó pe ilé iṣẹ́ oníná. Kí ẹnikẹ́ni má gun òpó.

Jẹnẹrétọ̀ náà ń ṣe ségesège. Ẹ tan án kó sáré fún bíi ìṣẹ́jú méjì kẹ́ ẹ tó yí changeover sí i, tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ pa á, ẹ kọ́kọ́ já ẹrù kúrò. Jẹ́nẹ́ tí epo ń tán lọ nínú ẹ̀ tó ń hó-sinmi-hó, TV tó ti kú lọ́wọ́ ẹ̀ kì í ṣe díẹ̀.

Páńẹ́lì sólà

Ilé tó ń ra sólà báyìí ń pọ̀ sí i, pàápàá ní Lugbe àti Gwarinpa, àwọn tó ń kàn án sì máa ń sáré. Irin gbàǹgbà lẹ gbé sórí òrùlé yẹn, pẹ̀lú wáyà méjì tó wọ inú ìnfátà ní tààrà. Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta kí wọ́n tó gba bálǹsì: ṣé ẹ so férémù páńẹ́lì mọ́ earth ilé? Ṣé surge protector DC (irú iná tó ń ti páńẹ́lì wá) wà láàárín páńẹ́lì àti ìnfátà? Ṣé ti AC (irú iná tó wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe AC tó ń mú yàrá tutù) wà lápá kejì? Ti DC yàtọ̀ sí ti AC o, tí wọ́n bá fi ti AC sí ojú DC ó lè gbaná, kò sì ní tètè kú. Tí wọ́n bá ní "kò pọn dandan, a ti ń kàn án fún ọ̀pọ̀ èèyàn", ẹ di bálǹsì mú.

Wáyà tó ń wọlé láti ìta

Fún díìṣì àti áńténà, nǹkan kékeré kan wà tí wáyà rẹ̀ ń gbà kọjá kó tó wọlé, tó ní ibi tí wọ́n ń so earth mọ́. Ẹ fi síbi tí wáyà ti wọ ilé, kì í ṣe lẹ́yìn TV. Ẹ so òpó díìṣì fúnra ẹ̀ mọ́ earth. Kámẹ́rà ìta náà ń mú iná wọlé, kò sẹ́ni tó ń rántí ìyẹn. Gíláàsì inú wáyà íntánẹ́ẹ̀tì fáíbà ò lè gbé àrá, ráútà ẹ̀ lẹ máa yọ kúrò lára iná ṣá.

Tó bá ti ṣẹlẹ̀

Ẹ má so nǹkan padà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ kọ́kọ́ fi imú wá òórùn ike tó jó nítòsí sọ́kẹ́ẹ̀tì àti àpótí iná. Tí kò bá sí, ẹ tan bọ́ọ̀bù kan tàbí fáànù àtijọ́ kan, ẹ wò ó bóyá ó dúró dáadáa fún bíi ìṣẹ́jú márùn-ún, kẹ́ ẹ tó wá máa so yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó wọ́n jù lẹ máa so kẹ́yìn.

Nǹkan tí kò bá tàn, ẹ má tíì sọ pé ó ti kú. Ẹ wo fíúsì tó wà nínú púlọ́ọ̀gì. Nígbà míì, fíúsì kan àti róbótó bíi owó ẹyọ tí mo sọ nípa ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ló gbẹ̀mí ara wọn nínú bọ́ọ̀dù iná TV, ẹni tó mọ TV tún ṣe á pààrọ̀ wọn, ó parí. Kí wọ́n má fi wáyà tàbí páálí sìgá sípò fíúsì o, mo ti rí ibi tí wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀, ìgbà tí iná tún ga, kì í ṣe TV nìkan ló lọ, kọ́tìnì lọ pẹ̀lú. Tèmi yẹn, ojú HDMI nìkan ló kú lára ẹ̀, àwòrán ṣì dára. Mo fún aládùúgbò mi tó ń fi áńténà lásán wo tiẹ̀, ó ṣì ń wò ó títí di òní, tí òjò bá sì ti ṣú, mo máa ń gbọ́ ohùn ẹ̀ láti ojú fèrèsé: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti tú díìṣì?"